Ìmọ́lẹ̀ Láti Òrùlé: Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe É Sílé Yín?

  

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló ń mú kí ọmọ bi bàbá rẹ̀ pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ òkùnkùn la fẹ́ bá yín sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti alẹ́. Òkùnkùn ọ̀sán gangan ni, èyí tó ń wà nínú ilé nígbà tí oòrùn ń ràn níta tó fẹ́ẹ̀ fọ́ni lórí. Ẹ mọ irú rẹ̀. Ẹ ti ìta wọlé, ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ ń fi ọwọ́ tá ògiri kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ tan fìtílà ní agogo 12 ọ̀sán kẹ́ ẹ lè rí òkúta inú ẹ̀wà.

Inú ìpàdé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí dìde, ó ní òun ti kó èésú, òun sì fẹ́ yọ páànù méjì lórí pálọ̀ òun, kí òun fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá rọ́pò wọn. Àwọn kan ní ó dáa. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní, "Ilé tí kò jò, ìwọ fẹ́ lọ da òrùlé rẹ̀ láàmú?" Ẹlòmíì ní olè á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹlòmíì tún ní òun ṣe é sí ṣọ́ọ̀bù òun, òun sì ń kábàámọ̀ di òní. Ariwo sọ. Nígbà tí alága rí i pé ìpàdé fẹ́ di ìjà, wọ́n ní kí àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. A ti lọ. A bá àwọn káfíńtà sọ̀rọ̀, a wọ ilé tí wọ́n ti ṣe é, a tún wọ ilé tó yẹ kí wọ́n ṣe é tí wọn ò ṣe é. Ohun tí a rí rèé.

IBI TÍ ÒKÙNKÙN TI WỌLÉ WA

Ẹ jẹ́ ká rántí ilé àwọn baba ńlá wa. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, agbo ilé àtijọ́ máa ń ní àgbàlá láàárín. Yàrá yí àgbàlá ká, òrùlé koríko dà sínú rẹ̀, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè. Ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà, ibẹ̀ náà ni òjò ń rọ̀ sí tí wọ́n fi ń gbe omi sínú ìkòkò. Torí náà, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti òkè wọlé kì í ṣe àṣà òyìnbó. Tiwa ni.

Òyìnbó náà sì ní tiwọn. Ilé ńlá kan wà ní Róòmù tí wọ́n ń pè ní Pantheon. Ó ti lé ní 1,800 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a da dé, ihò róbótó kan sì wà ní góńgó orí rẹ̀ tó fẹ̀ ju mítà 8 lọ. Ihò yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ilé náà. Òjò ń gba ibẹ̀ rọ̀ sínú ilé títí di òní, àmọ́ àwọn tó kọ́ ọ gbọ́n: wọ́n ti dá ihò sí ilẹ̀ tí omi ń gbà lọ.

Ní nǹkan bíi 1800 sí 1900, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó kọ́ irú ilé mìíràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ilé yìí gbajúmọ̀, ó tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Òun ló bí ilé tí gbogbo wa mọ̀ sí fésì-mi-n-fésì-ẹ. Páànù náà dé, ó rọ́pò koríko. Kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sí koríko, torí iná ń jó o, eku ń gbé inú ẹ̀, ọdọọdún la sì ń tún un bò. Àmọ́ nígbà tí àgbàlá kúrò láàárín ilé, ìmọ́lẹ̀ bá a lọ. Yàrá ní fèrèsé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò ní rárá. Tí ẹnì kan bá sì ti kọ́lé ti fèrèsé yẹn tán, ó parí.

KÍ NI NǸKAN Ọ̀HÚN GAN-AN?

Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń gé òrùlé, wọ́n ń fi fèrèsé onígíláàsì sí i. Ní Kàbà àti àyíká wa, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe rọrùn ju ìyẹn lọ. Wọ́n á yọ páànù kan, wọ́n á fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Àwọn káfíńtà ń pè é ní tiranspárẹ́ǹtì. Ó ní ìgbì bíi ti páànù kó lè jókòó dáadáa láàárín àwọn yòókù.

Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ló wà o. Èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe ló wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀. Bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ó máa ń pọ́n bí ewé gbígbẹ, òwú ara rẹ̀ á yọ síta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì dín kù. Èkejì ni polycarbonate. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó lágbára, kì í tètè fọ́. Wọ́n sábà máa ń fi nǹkan kan ra ojú rẹ̀ kan tí kì í jẹ́ kí oòrùn bà á jẹ́. Ojú yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀run. Bí káfíńtà bá dà á bolẹ̀, owó ti ṣòfò nìyẹn, torí kò ní í pẹ́ tó fi máa pọ́n tó sì máa sán.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe páànù. Mẹkáníìkì kan ní Uberaba ní ilẹ̀ Brazil, Alfredo Moser, ló ronú rẹ̀ ní 2002 nígbà tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ tiwọn. Ó mú ìgò oníke lítà 2, irú èyí tí wọ́n ń fi ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó rọ omi kún un, ó da omi ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun díẹ̀ sí i kí ewéko má baà hù nínú ẹ̀. Ó lu òrùlé, ó ki ìgò náà bọ̀ ọ́, ìdajì wà lókè, ìdajì wà nínú ilé, ó sì lẹ etí rẹ̀ pa kí òjò má gbà á wọlé. Omi inú ìgò ń gba oòrùn, ó sì ń fọ́n ọn káàkiri yàrá. Lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti gílóòbù wáàtì 40 sí 60. Láti 2011, àwọn ará Philippines ti fi í sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Kò gba owó iná, kò gba epo. Ó dára fún ilé ìgbẹ́, ilé ìwẹ̀ àti yàrá ẹrù tí kò ní sílíìnì. Àmọ́ ẹ rántí pé ike ni. Oòrùn á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

ÀǸFÀÀNÍ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Owó la ó kọ́kọ́ sọ, torí ọlọ́jà ni wá. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà níbi tí wọ́n bá ti ń tà á ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án kí oníbàárà lè rí ọjà rẹ̀, ó ń jó èrè rẹ̀ níná ni. Nẹ́pà ńkọ́? Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2005, wọ́n sì pín in ta fún àwọn aládàáni ní 2013. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe ládùúgbò yín, a ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ìlera. Èéfín fìtílà kẹrosíìnì ò dáa fún ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, iná rẹ̀ sì ti jó ilé àti ọmọ. Èéfín jẹnẹrétọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun láìjẹ́ pé wọ́n gbóòórùn nǹkan kan. Gbogbo wákàtí tí ilé bá fi rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run, wákàtí tí a ò lo ìwọ̀nyẹn ni.

Ìkẹta ni àwọn àgbàlagbà. Ojú wọn ò rí tó tiwa mọ́. Ìṣubú kan nínú òkùnkùn, kí egungun ìdí kan kán, ó lè jẹ́ òpin ìrìn fún ìyá àgbàlagbà. Ẹ má gbàgbé kókó yìí, a ó padà sí i.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ẹ̀yin ìyá tó ń jiyàn nípàdé, ẹ jọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín.

Àkọ́kọ́ ni ooru. Ọ̀dọ̀ tiwa kọ́ ni ìlú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń wá oòrùn kiri bí ẹni wá owó. Ní Kàbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lọ́sàn-án: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Bí òrùlé bá ti là sílẹ̀ jù, ilé á di ààrò. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kábàámọ̀ yẹn, páànù mẹ́ta ló fi sí ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta, kò lè jókòó sínú ẹ̀ mọ́. Abẹ́ igi níta ló ń jókòó sí, oníbàárà ò sì mọ̀ bóyá ó ń tajà tàbí ó ń gba afẹ́fẹ́.

Ìkejì ni ọjà fúnra rẹ̀. Oòrùn tààrà ń ṣá aṣọ. Àǹkárá tó bá ń rí i lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po á funfun. Ó ń sọ epo pupa di ràndánràndán. Iṣu ò fẹ́ ẹ, oògùn ò fẹ́ ẹ, ìpara ò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ páànù náà. Àwọn kan ń ra aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run torí ó dùn ún wò. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ọjà rẹ̀ á gba àwọ̀ náà. Tòmátò á dà bí èyí tó ti kú, gàárì á dà bí èyí tó ti bu. Àwa ọmọ Okun kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́ ní pé àwọ̀ ni iyì aṣọ. Ní Búnú, àwọn ìyá wa hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn àgbà sí nígbà ìsìnkú. Elisha Renne láti Amẹ́ríkà kọ odindi ìwé kan lórí aṣọ Búnú, ó jáde ní 1995. Ẹ gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ páànù aláwọ̀ ewé kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ̀ ń tà, funfun ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó dà bí wàrà tí kò jẹ́ kí oòrùn gún nǹkan tààrà.

Ìkẹta ni òjò. Páànù tiranspárẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í sábà jò. Ibi tí òun àti èyí tó kàn án ti pàdé àti ojú ìṣó ló ń jò. Oòrùn ń mú kí ike fẹ̀ ju irin lọ, òtútù alẹ́ ń mú kó sún kì. Bí ìṣó bá fún un mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́, á sán níbẹ̀. Ojú ẹ̀wà àpò mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa kan fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Òjò kan ṣoṣo ni, ẹ̀wà hù.

Ìkẹrin, ìṣubú. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Páànù yìí kì í gba èèyàn dúró. Bó bá ti pẹ́, tí ekuru bò ó, ẹni tó gun òrùlé lè má mọ̀ pé òun ni. Ọmọ tó gun òkè lọ mú bọ́ọ̀lù, ẹni tó lọ ká máńgòrò, ẹni tó lọ tún wáyà ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ó já wálẹ̀. Èèyàn ń kú báyìí ní gbogbo ayé.

Ìkarùn-ún ni olè. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ rọrùn ún fọ́. Àmọ́ kò sí òrùlé páànù kan tí olè tó ṣe tán ò lè ṣí. Bí owó tàbí ọjà olówó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin sí abẹ́ rẹ̀ bíi ti fèrèsé.

Ìkẹfà ló burú jù. Bí òrùlé yín tàbí sílíìnì yín bá jẹ́ asbestos, irú èyí tó nípọn tó dà bíi símẹ́ńtì, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé nígbà kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e, ẹ má lu ú, ẹ má fi ayùn kàn án. Eruku rẹ̀ tí a ò lè fi ojú rí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, àìsàn náà sì lè fi 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sápamọ́ kó tó yọjú. Ilé tó ní i, tó ṣì wà ní odindi, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ wá ìmọ́lẹ̀ gba ara ògiri.

KẸ́ Ẹ TÓ NÁWÓ, Ẹ BI ARA YÍN

Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ìbéèrè yìí ló yà wá lẹ́nu jù, torí nígbà tí a bi ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló bú sẹ́rìn-ín. A ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a ń padà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Pálọ̀ wa tí a fẹ́ là sílẹ̀, a kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, gílóòbù tó ń lo oòrùn pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fi owó náà rà. Ìmọ́lẹ̀ òrùlé kì í ṣiṣẹ́ alẹ́.

Ṣé kò sí ibi tí fèrèsé lè gbà? Fèrèsé ń mú ìmọ́lẹ̀ wá, ó tún ń mú afẹ́fẹ́ wá. Páànù tiranspárẹ́ǹtì kì í mú afẹ́fẹ́ kankan wá. Ilé ìdáná tó kún fún èéfín, ìmọ́lẹ̀ òrùlé kàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí èéfín náà dáadáa ni. Ihò tí èéfín ń gbà jáde ló nílò. Bákan náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun kun ògiri yàrá tó ṣókùnkùn. Nígbà míì, ìyẹn nìkan ti tó.

Ta ló ni òrùlé náà? Ayálégbé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Tó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, pàápàá ẹ̀yin opó tó ń gbé ilé ọkọ, ẹ sọ fún olórí ẹbí níwájú ẹlẹ́rìí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan páànù kan. Owó tí a fi tún òrùlé ṣe ti dá ìjà sílẹ̀ rí.

Ṣé òrùlé náà lágbára? Bí páànù bá ti dógùn-ún, tí igi òrùlé sì ti jẹ kòkòrò, ẹ má fi èsúrú lẹ aṣọ tó gbó. Ẹ tún òrùlé ṣe ná.

Ṣé owó yìí ni iṣẹ́ kankan tó kánjú jù? Owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

BÍ Ẹ BÁ TI PINNU

Ẹ má ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlànà kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú yàrá tó ní fèrèsé púpọ̀, ojú òrùlé tí a là kò gbọ́dọ̀ ju 5 nínú 100 ilẹ̀ yàrá náà. Níbi tí fèrèsé kò bá pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ. Àwa tí oòrùn wa mú ju tiwọn, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ 5. Ẹ wò ó báyìí: yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 jẹ́ 120. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 6. Páànù kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 2, jẹ́ 16. Ìyẹn ni pé páànù kan odindi ti pọ̀ jù fún yàrá bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti tó. Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní 40, jẹ́ 160, kò sì ní fèrèsé kankan. Páànù kan lórí rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, kò burú.

Ẹ wo ibi tí òrùlé kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló burú jù, torí oòrùn ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà, nígbà tí ilé ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ló dára jù fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé nígbà ọyẹ́, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá. Tí kò bá sí àríwá, ẹ mú ìlà oòrùn.

Ẹ dúró ti káfíńtà. Kó ra èyí tí ìgbì rẹ̀ bá ti páànù yín mu. Ẹ gé páànù kékeré kan dání lọ sí ọjà fún àpẹẹrẹ. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ páànù òkè, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí páànù ìsàlẹ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ bó ṣe ń ṣàn lára ìyẹ́ adìyẹ. Kó fi dírìlì lu ihò kó tó fi sukúrù sí i, ihò náà kó fẹ̀ ju sukúrù lọ díẹ̀, kó sì fi rọ́bà sábẹ́ orí rẹ̀. Orí ìgbì ni kó kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Kó má fún un pa. Kó sì tẹ́ pákó lé òrùlé kó tó máa rìn lórí ẹ̀.

Bí ilé bá ní sílíìnì, ẹ ó ní láti gé sílíìnì náà, kí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe bí àpótí láti ibẹ̀ dé òrùlé, kí wọ́n kun inú rẹ̀ ní funfun. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú àjà ni ìmọ́lẹ̀ á tàn sí, àwọn eku ni wọn ó sì máa gbádùn rẹ̀. Ìnáwó àpótí yìí lè ju ti páànù lọ, torí náà ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe nígbà tí òjò ti ṣú. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ òrùlé í gùn fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Kó má fi yanrìn ha á, kó má sì fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì kàn án, á bà á jẹ́.

OHUN TÍ ỌMỌ ẸGBẸ́ WA ṢE

A kó gbogbo èyí padà sí ìpàdé. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ gbọ́ ọ, ó dákẹ́. A bi í léèrè àkọ́kọ́ yẹn: ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ó ní ìyá òun ni. Ìyá ti lé ní 80 ọdún, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Yàrá wọn wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ tá ògiri gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá. Ọdún tó kọjá ni wọ́n kọsẹ̀ lára koroba, tí a jọ lọ kí wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ní òun ò tiẹ̀ ronú kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí. Pálọ̀ ni àlejò ń rí, pálọ̀ ni òun ṣáà ń rò.

Kò ṣe páànù méjì mọ́. Ẹyọ kan ló rà, aláwọ̀ wàrà, ó ní kí wọ́n fi sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú yàrá ìyá rẹ̀. Nínú owó tó ṣẹ́ kù, ó ní kí wẹ́dà ṣe irin sábẹ́ rẹ̀, ó ra sukúrù onírọ́bà, ó sì kun ògiri. Ìyókù padà sínú ọjà.

A dúró de òjò kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí tán, torí ẹnu káfíńtà kò tó nǹkan tí a ń fi ojú ara wa rí. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, àwa mẹ́ta lọ sílé náà. Ó jò ní ojú kan, ojú ìṣó àtijọ́ kan lára páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe tiranspárẹ́ǹtì náà. Káfíńtà padà wá di í láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

A bi ìyá bó ṣe rí. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ẹ̀gúsí wà níwájú wọn, wọ́n ń bó o. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti bó ẹ̀gúsí kẹ́yìn. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ náà dáa, kò sí wàhálà. Ohun kan ṣoṣo ni pé àwọn wá ń rí i báyìí pé àwọn ọmọ ilé yìí kì í gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìmọ̀ràn wa kò ju èyí lọ. Bí òkùnkùn ilé yín bá ń ṣe ẹnì kan níbi, tí kò sí ibi tí fèrèsé gbà, tí òrùlé sì dára, ẹ ṣe é, kó má pọ̀, kó sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá jẹ́ torí kí àlejò lè yìn wá ni, ẹ fi owó náà rajà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹni tó bá ti ṣe é, tó rí ohun tí a ò sọ, kó wá sọ ọ́ nípàdé tó ń bọ̀.